Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mi ò jẹ́ kí n yí ojú ẹ̀ padà, kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Injinía, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá èèyàn tẹ̀wé ní Fọlágbadé, Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ni, Windows 11 ló wà nínú ẹ̀. Lẹ́tà ẹ̀ ti kéré jù fún ojú mi. Mo fẹ́ fi fótò tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa yà ní Ojúde Ọba sójú ẹ̀, kò gbà, ńṣe ni gbogbo ibẹ̀ ṣú. Tí mo bá tẹ @, àmì míì ló ń gbé wá. Tí oníbàárà bá ń pe ọ̀rọ̀ fún mi, kí n tó yíjú padà ó ti sùn lọ. Dátà tí mo bá sì rà sórí fóònù, kì í pẹ́ tó fi ń tán. Ọmọ mi ní kí n dáúnlóòdù theme kan, pé gbogbo ẹ̀ á dáa. Ṣé kí n ṣe é?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ọmọ wa pé kó fi theme yẹn sílẹ̀, àwọ̀ àti àwòrán tí wọ́n fi ń ṣe ojú kọ̀ǹpútà lọ́ṣọ̀ọ́ lásán ni. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà yìí, kò sí èyí tí theme lè bá yín ṣe, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sì wà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń kó ìpolówó wọlé tí á máa fò jáde lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí oníbàárà jókòó tì yín. Ohun tẹ́ ẹ nílò ti wà nínú Windows yẹn tẹ́lẹ̀.

Fótò yẹn ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti fura sí nǹkan. Ẹ di bọ́tìnnì tó ní àmì Windows mú, kẹ́ ẹ wá tẹ I, Settings á ṣí. Ẹ lọ sí System, kẹ́ ẹ wá Activation nísàlẹ̀. Tó bá ní Not active, ohun tó ń ṣe é nìyẹn, Windows yẹn ò tíì ní àṣẹ, tí kò bá sì ní àṣẹ, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan ní Personalization, àwọ̀ o, fótò o, gbogbo ẹ̀ á kàn ṣú ni. Àfàìmọ̀ kó má ti kọ Activate Windows sí igun ọ̀tún nísàlẹ̀ pẹ̀lú.

Kì í ṣe pé wọ́n lù yín ní jìbìtì o. Láti ayé Windows 8, lọ́dún 2012, ni àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù ti ń kọ nọ́ńbà àṣẹ sínú bọ́ọ̀dù ẹ̀ gan-an dípò sítíkà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oríṣi Windows méjì ni Home àti Pro. Tó bá wá jẹ́ àṣẹ Home ló wà nínú bọ́ọ̀dù yín, tí ẹni tó nu inú ẹ̀ kó tó tà á fún yín lọ fi Pro sí i, torí Pro ló wà lórí fláàṣì ẹ̀, àwọn méjèèjì ò ní bára wọn mu. A máa ń rí i gan-an lára tòkunbọ̀. Ẹ gbé e padà fún un, ẹ ní kó fi Home sí i, tó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí á mú àṣẹ ẹ̀ jáde fúnra ẹ̀, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ fún àṣẹ. Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn iṣẹ́ yín sórí fláàṣì o, torí á nu gbogbo ẹ̀ nù. Tó bá wá ní òun fẹ́ fi crack, ìyẹn ayédèrú àṣẹ, sí i fún yín, ẹ yáa gbé ẹrù yín, NIN àti nọ́ńbà àkáǹtì àwọn èèyàn ló ń gba inú kọ̀ǹpútà yẹn kọjá, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sì ni fáírọ́ọ̀sì máa ń bá wọlé.

Kẹ́ ẹ tó rí i gbé lọ, ẹ wá fótò yín níbi tẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sí, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ mú Set as desktop background. Ọ̀nà yẹn máa ń gbà bí Windows ò tiẹ̀ ní àṣẹ. Àmọ́ ẹ ní kí ẹni tó ya fótò yẹn fi ránṣẹ́ bíi document lórí WhatsApp, torí tó bá fi ránṣẹ́ bíi fótò lásán WhatsApp á fún fótò náà pọ̀ kó lè kéré, ojú gbogbo yín á sì rí bàìbàì. Tí Personalization bá ti wá ṣí, ẹ lọ sí Background, ẹ yí Fill sí Fit. Ará Ṣágámù ni mi, mi ò ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó na owó tó tó yẹn sórí gèlè ò ní fẹ́ kí Fill gé e kúrò lókè fótò.

Ti lẹ́tà tó kéré, ẹ lọ sí System, Display, ẹ wá Scale, ẹ gbé e sí 125% tàbí 150%, ẹ má fọwọ́ kan Display resolution rárá, Recommended ni kẹ́ ẹ fi í sí, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń sáré lọ, lẹ́tà á tóbi lóòótọ́ ṣùgbọ́n á máa ṣú lójú. Tó bá ṣì kéré, Text size wà nínú Accessibility. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi ojú ẹ̀ sí dúdú kí bátìrì lè pẹ́, irọ́ ni lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù wa, torí iná ẹ̀yìn ojú ẹ̀ ń tàn bákan náà ni, ojú OLED, tí kò ní iná ẹ̀yìn, nìkan nìyẹn ti ń ṣiṣẹ́. Níwájú ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn ti ń wọlé, funfun ló dáa jù.

Ti @ yẹn, ẹ wo òkè nọ́ńbà 3 lórí kíbọ́ọ̀dù. Tó bá jẹ́ £ lẹ rí, London ló ti wá, Windows yín sì rò pé ti Amẹ́ríkà ni, ìdí tí @ àti " fi gba ipò ara wọn nìyẹn. Ẹ lọ sí Time & language, Language & region, ẹ fi English (United Kingdom) kún un, ẹ gbé e sókè ju ti Amẹ́ríkà lọ níbẹ̀. Níbẹ̀ náà lẹ ti máa rí Yoruba, ẹ fi kún un, kẹ́ ẹ lè máa tẹ ẹ, ọ àti ṣ sínú ìwé ìpè. Bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú spacebar lẹ ó fi máa yí láti èdè kan sí èkejì, tẹ́ ẹ bá sì tẹ Windows, Ctrl àti O papọ̀, àwòrán kíbọ́ọ̀dù á jáde, ẹ ó rí ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sá sí. Ní ti náírà, nínú Word, ẹ tẹ 20A6, lẹ́yìn náà ẹ di Alt mú kẹ́ ẹ tẹ X, ₦ á jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ ò ní máa kọ N kẹ́ ẹ tún máa fi ìlà fà á mọ́.

Oorun ẹ̀ ò le. System, Power & battery, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ plugged in sí, ẹ fi sleep sí Never. Èyí tó jẹ́ ti bátìrì, ẹ fi sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Ó ku dátà. Fóònù lẹ fi ń fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ wáyà ilé aláìlópin ni Windows rò pé ó jẹ́. Ẹ lọ sí Network & internet, Wi-Fi, ẹ tẹ properties fóònù yín, ẹ tan Metered connection, kó lè mọ̀ pé dátà yín níwọ̀n. Ọ̀pọ̀ update á dúró, OneDrive, tó ń kó fáìlì yín lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà á sinmi. Ẹ tún lọ sí Windows Update, Advanced options, Delivery Optimization, ẹ pa ibẹ̀, torí ó lè máa fi dátà yín fi update ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi Metered sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí o, ọjọ́ Tuesday kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń gbé àtúnṣe ààbò jáde, tó bá ti di ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn tẹ́ ẹ ní dátà òru, ẹ pa Metered yẹn, ẹ jẹ́ kí Windows gbé tiẹ̀, kẹ́ ẹ tún un tàn láàárọ̀.