Ṣọ́ọ̀bù ńlá àtijọ́ ní dàǹtáùn: ẹ dé àárín ẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin la dáwó jọ níbí ní Maryland. A rí ilé kan ní dàǹtáùn Baltimore, kò jìnnà sí Howard Street, ṣọ́ọ̀bù ńlá ni tẹ́lẹ̀, alájà mẹ́rin, 1912 ni wọ́n kọ́ ọ, ó sì ti wà ní títì pa ọjọ́ ti pẹ́. Ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60, ó gùn ní 140, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fara ti ilé onílé. A fẹ́ fi ìsàlẹ̀ ṣe họ́ọ̀lù páátì, ká fi òkè ṣe fúláàtì. Ejẹ́ńtì ní ìjọba máa dá 20% owó wa padà. Ṣé ká rà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìdáwọ́lé o. Kí n tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kí n bi yín: lọ́jọ́ tí ejẹ́ńtì mú yín wọlé, ṣé ẹ dé àárín ilé yẹn, àbí iwájú níbi tí gíláàsì ńláńlá wà lẹ dúró sí tí ẹ ń ya fọ́tò? Torí irú ilé bẹ́ẹ̀, iwájú ni ẹwà wà, àárín ni wàhálà wà. Àwọn tó kọ́ ọ ò wá oòrùn rárá. Aṣọ ni wọ́n ń tà, oòrùn sì máa ń pa àwọ̀ aṣọ, ògiri ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n lè to ọjà sí i, iná mànàmáná ni wọ́n wá fi ń ríran.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà yín ṣírò. Ẹ̀gbẹ́ ò ní wíńdò, iwájú àti ẹ̀yìn nìkan nìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, èmi kì í sì í fọkàn tán ìmọ́lẹ̀ wíńdò kọjá nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 30. 30 níwájú, 30 lẹ́yìn, ó ku 80 láàárín. Àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta òkè pa pọ̀ jẹ́ 25,200 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, 14,400 nínú ẹ̀ ni ò rí oòrùn, ìyẹn ju ìdajì ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà lọ. Ẹ lè fi díẹ̀ ṣe lífìtì, àtẹ̀gùn, kọ́rídọ̀, ibi ìfọṣọ, àmọ́ ta ló fẹ́ sanwó gidi lóṣooṣù lórí yàrá tí ò ní wíńdò, ká tiẹ̀ ní òfin gbà á?

Ọ̀nà àbáyọ tó wà ò ṣàjèjì sí wa: agboolé àwọn baba ńlá wa ní àgbàlá láàárín. Wọ́n á gé àárín ilé láti òrùlé wá sí àjà kejì kí oòrùn lè sọ̀ kalẹ̀, kí àwọn yàrá inú wá kọjú sí i. Ilé Hecht's, ṣọ́ọ̀bù ńlá àtijọ́ tó wà ní Howard Street yẹn náà, ti di fúláàtì, Atrium ni wọ́n sì sọ ọ́, ìyẹn àgbàlá àárín ilé. Ilé May Company, ṣọ́ọ̀bù ńlá mìíràn ní Cleveland, wọ́n gé àárín tiẹ̀ náà. Stewart's ní tiẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ńlá Baltimore níbí, ilé ọdún 1899, ọ́fíìsì ni wọ́n fi ṣe, àjọ aláàánú Catholic Relief Services ló kó wọ ibẹ̀ ní 2007, ọgbọ́n sì wà nínú ìyẹn, torí ọ́fíìsì lè fara da òkùnkùn ju yàrá ibùsùn lọ. (Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀: ṣáájú 1960, púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá àdúgbò yẹn ò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú wọ aṣọ wò kó tó rà á. Ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ ra odindi ilé báyìí. Ó dùn mọ́ mi gan-an.)

Gígé yẹn ló kan ọ̀rọ̀ 20%. Òótọ́ ni, ìjọba àpapọ̀ ní tax credit 20%, àmọ́ lórí owó àtúnṣe ni, kì í ṣe owó tẹ́ ẹ fi ra ilé, ọdún 5 ni wọ́n sì pín in sí. Kì í ṣe owó tí wọ́n ń kà síni lọ́wọ́ o, inú owó-orí tẹ́ ẹ bá jẹ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, òṣìṣẹ́ oṣù ò sì sábà lè lò ó tán, ẹ fi ìyẹn síwájú akáńtáńtì kí ẹ tó kọ ọ́ mọ́ ìṣirò yín. Ilé náà gbọ́dọ̀ wà nínú National Register, ìwé tí ìjọba àpapọ̀ ń kọ orúkọ àwọn ilé àtijọ́ pàtàkì sí, tàbí kó jẹ́ ara àdúgbò tó wà níbẹ̀. Owó àtúnṣe sì gbọ́dọ̀ ju iye ilé fúnra ẹ̀ lọ, ká sọ pé ẹ rà á ní $700,000, tí ilẹ̀ jẹ́ $150,000 nínú ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ná ju $550,000 láàárín oṣù 24. Tẹ́ ẹ bá tún tà á kí ọdún 5 tó pé, wọ́n á gba díẹ̀ padà. Maryland náà ní 20% tiẹ̀, àmọ́ ìdíje ni, Baltimore sì ní ti CHAP, ìgbìmọ̀ ìlú tó ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́, tí kì í jẹ́ kí owó-orí ilé fò sókè torí àtúnṣe fún ọdún 10.

Àwọn National Park Service, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ló ń yẹ iṣẹ́ wò kí ẹ tó lè rí 20% ìjọba àpapọ̀ yẹn gbà. Wíńdò ìpàtẹ ọjà níwájú, àtẹ̀gùn ńlá, òpó olódòdó, wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ìyẹn. Wọ́n lè gbà kẹ́ ẹ gé àárín níbi tí ò ti sí ohun kan pàtàkì, tí ò sì hàn láti títì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wó nǹkan kan kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Mo rí oníbàárà kan tó ní òun kàn fẹ́ gbálẹ̀ ilé, ìgbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, àtẹ̀gùn mábù ti wà nínú ọkọ̀ pàǹtí. Ibẹ̀ ni tax credit ẹ̀ kú sí.

Họ́ọ̀lù páátì: ìsàlẹ̀ nìkan o, ẹ má gbé e lọ sókè láé. Òfin òde òní ní kí ibi ijó lè gbé pọ́ùn 100 lórí ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kan, àjà òkè ṣọ́ọ̀bù 75 ni, yàrá ibùgbé 40. Fúláàtì ò ní wúwo lókè, àmọ́ igba èèyàn tó ń jó sí dùndún lẹ́ẹ̀kan náà, ìsàlẹ̀ ni kó wà, kí ẹnjiníà sì yẹ ìsàlẹ̀ náà wò torí ẹ̀rọ ìgbóná máa ń wà lábẹ́ ẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ariwo. Ẹni tó ń sanwó ilé lókè á fẹ́ sùn ní aago 11 alẹ́, wákàtí tí olórin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún gìtá ṣe. Tẹ́ ẹ bá lè fi ìsàlẹ̀ ṣe ilé oúnjẹ tàbí ṣọ́ọ̀bù, èmi á sùn dáadáa.

Táìlì ilẹ̀ tó bá jẹ́ ínǹṣì 9 sí 9, ẹ má ha á, asbestos, èròjà tí eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, sábà máa ń wà nínú ẹ̀ àti nínú gúlúù abẹ́ ẹ̀. Ẹskalétọ̀, tó bá wà, wọn ò ní kà á sí ọ̀nà àbájáde tíná bá ń jó, àtẹ̀gùn méjì gidi lẹ nílò.

Torí náà, ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní kí ejẹ́ńtì fún yín ní 60 ọjọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ lọ ní ọ̀sán gangan, ẹ pa gbogbo iná, ẹ rìn láti wíńdò iwájú wọ inú lọ pẹ̀lú tépù, kí ẹ dúró níbi tí ẹ ò ti lè ka lẹ́tà orí fóònù yín mọ́ láìtan iná ẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Ẹ wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà, àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí máa ń gbẹ́ yàrá dé abẹ́ títì, ẹ wò ó bóyá omi wà níbẹ̀. Tí ejẹ́ńtì bá ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ti sọnù, ẹ tètè pè mí.