Màmá tí èémí wọn kì í délẹ̀ lóru

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ ní èémí wọn kì í délẹ̀ lóru, ẹsẹ̀ wọn sì wú, ẹ wá ń béèrè bóyá kí wọ́n ṣì máa jẹ iyán. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja mọ́. Ẹ to ìrọ̀rí sẹ́yìn wọn, kí wọ́n fẹ̀yìn tì í bí ẹni jókòó. Tí wọ́n bá nà sílẹ̀, omi ẹsẹ̀ tó wú yẹn ń padà sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn ò lè tì í tán, ló bá dúró sí ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹni tí dókítà ti sọ pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára, bíi tiwọn, ni mò ń bá wí o.

Láràárọ̀, kí wọ́n gun ìwọ̀n kí wọ́n tó jẹun. Tó bá fi kílò 2 lé láàárín ọjọ́ 3, ẹ pe nọ́ọ̀sì wọn. Iyán ò ṣe nǹkan. Maggi inú ọbẹ̀ ni kí ẹ dín kù, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Bí ètè bá ń dúdú, ẹ má dúró di àárọ̀, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó. Ìkẹ́rẹ́ tí ẹ wà sí Adó ò jìnnà.