Ṣé kí n ra ọ̀kadà fún àbúrò mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ma. Ketu ni mo wà. Àbúrò mi ń dá oko pákí nílé lápá Ìjẹ̀bú, mo sì máa ń fowó ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù. Ó ti wá ní kí n ra ọ̀kadà fún òun báyìí. Oko nìkan ni bàbá wa fi tọ́ wa o. Ṣé kì í ṣe pé bọ̀bọ́ yìí fẹ́ sá fún oko ni?

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá Ketu, ẹ rọra ná. Pákí tó bá gbìn lónìí, ó lè tó ọdún kan kó tó wú u, ṣé àwọn ọmọ ẹ̀ á wá máa wo ebè títí dìgbà yẹn ni? Láti May 29, 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò kúrò ní bíi 190 náírà sí ohun tó lé ní 480, owó mọ́tò tó ń já ẹrù sí Mile 12 nítòsí yín níbẹ̀ yẹn, ara àgbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ kan fi ń ṣe POS tí òmíì ń ránṣọ. Kódà owó tiyín yẹn, kí lẹ rò pé ó fi ń ra kẹ́míkà tó ń pa koríko? Ẹ̀yin náà ń roko láti Ketu, ẹ ò kàn mọ̀ ni.

Ọ̀kadà yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé. Pákí tí wọ́n bá ti wú, ọjọ́ méjì mẹ́ta ló máa bàjẹ́, àwọn tó ń wá rà á sì mọ̀, wọ́n á kàn fara ti píkọ́ọ̀pù wọn, wọ́n á máa já owó ẹ̀ wálẹ̀, tí oòrùn bá mú dáadáa àgbẹ̀ á gbà tipátipá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rin ín, tí wọ́n fi jáàkì fún un, tí wọ́n yan án, gàrí lè wà nílé fún oṣù mélòó kan kó máa dúró de owó gidi. Ẹ bi í bóyá ẹ̀rọ tó ń rin pákí wà nítòsí. Tí kò bá sí, ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ fowó yẹn rà, àwọn ará abúlé á máa gbé tiwọn wá rin, owó á máa wọlé. Tó bá ti wà, ẹ ra ọ̀kadà fún un jàre, òun náà lá fi máa gbé àpò gàrí dé títì.

Ẹ bi ìyàwó ẹ̀ náà o, torí òun ló máa jókòó ti èéfín gàrí, kì í ṣe àbúrò yín.