Alága wa ti lo ọdún mẹ́sàn-án, ṣé a lè yọ wọ́n?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Mo ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan lápá Àjárá, ní Àgbádárìgì níbí. Àwa bí ogójì la wà nínú ẹgbẹ́ àwa tí a ní ilé-ìwé ọmọdé. Màmá tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni alága wa láti ọdún mẹ́sàn-án, a ò dìbò rí. Àwọn, ọkọ wọn àti àbúrò wọn ni orúkọ wọn wà nínú ìwé CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn àti akọ̀wé ló ń buwọ́ lu sọwédowó. Ọwọ́ wọn la ti ń ra ìwé ìdánwò àti aṣọ táwọn ọmọ ń wọ̀ lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ẹni tó bá bi wọ́n léèrè owó, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ á sì máa jà ràn-ìn pé ìjọba ń bọ̀ wá ti ilé-ìwé onítọ̀hún pa. Ká má purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ti rin ìrìn Aláúsá títí nítorí wa. Ṣùgbọ́n ó tó gẹ́ẹ́. Àwa mélòó kan fẹ́ yọ wọ́n nípàdé oṣù tó ń bọ̀. Ṣé òfin fún wa láyè?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, mà.

Ẹ lè yọ wọ́n. Àmọ́ bí ẹ bá yọ wọ́n lóṣù tó ń bọ̀ bí nǹkan ṣe wà yìí, ẹ ó délé tán kẹ́ ẹ tó rí i pé ẹ ò yọ nǹkan kan. Ipò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni màmá wà, orúkọ kan ṣoṣo lẹ fi ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Alága ni wọ́n, ìyẹn ẹni tó ń darí ìpàdé àti ìgbìmọ̀. Wọ́n tún jẹ́ trustee, ọ̀kan nínú àwọn tí òfin kà sí ẹni tí ohun ìní ẹgbẹ́ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Wọ́n sì jẹ́ ẹni tí bánkì mọ ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Ìdìbò lè gba ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò kan méjì yòókù.

Mo rí i ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, kì í ṣe ní Àgbádárìgì níbí. Wọ́n dìbò lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n jó, wọ́n ya fọ́tò. Lọ́jọ́ Ajé, alága tuntun gbé lẹ́tà lọ sí bánkì. Òṣìṣẹ́ bánkì wo kọ̀ǹpútà, ó ní òun ò mọ̀ wọ́n. Oṣù méje ni wọ́n fi ń ná owó àpò ara wọn, owó ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Nítorí náà, ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, síbi tí àjọ CAC ti ń jẹ́ kí ará ìlú wá orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ wò. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ orúkọ ẹgbẹ́ yín, ẹ ó rí i bóyá ó ṣì wà láàyè lójú ìjọba. Òfin CAMA ti ọdún 2020, ìyẹn òfin tó de ilé-iṣẹ́ àti irú ẹgbẹ́ yín, ní kí àwọn trustee máa fi ìròyìn ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí CAC lọ́dọọdún, láàárín ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà sí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá: orúkọ àwọn trustee, orúkọ àwọn ìgbìmọ̀, ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ ní, àti àtúnṣe tó bá ìwé òfin ẹgbẹ́. Ìtanràn wà fún ẹni tí kò bá ṣe é. Ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbé kiri máa ń gbàgbé èyí, gbèsè ìtanràn yẹn sì máa ń dúró de alága tuntun lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìwé òfin ẹgbẹ́. Bí màmá bá ní kò sí lọ́wọ́ àwọn, ẹ má bá wọn jà. Ẹ sanwó fún CAC, kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí, torí CAC kì í forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ láìgba ìwé òfin rẹ̀. Òfin 2020 yìí sì sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀: bí wọ́n ṣe ń yan trustee, iye ọdún tó máa lò àti bí wọ́n ṣe ń fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, bí ìpàdé ṣe gbọ́dọ̀ rí, iye àwọn ìgbìmọ̀, bí wọ́n ṣe ń wọlé àti bí wọ́n ṣe ń jáde, tí ẹgbẹ́ bá sì ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, bí wọ́n ṣe ń ná an, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, àti ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí ẹ ti ní ohun tí ẹ ń wá nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò kà rí. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀dà ìwé ẹlòmíràn. Mo ti ka ìwé òfin ẹgbẹ́ àwọn onílé-ìwé kan rí tí wọ́n kọ “bàbá ìjọ” sí ojú ìwé kẹrin. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n dà kọ.

Nígbà tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ kà á létí gbogbo ẹgbẹ́, ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá àti Ègùn. Ìdajì ìjà ẹgbẹ́ tó ń dé ọ́fíìsì mi, ìwé tí wọ́n fi òyìnbó kọ tí kò yé ẹni tó buwọ́ lù ú ló fà á.

Ọ̀rọ̀ trustee wá kàn, ibẹ̀ ló sì le jù. Tọkọtaya àti àbúrò ìyàwó tó jẹ́ trustee, òfin kò pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tí òfin ní kò gbọ́dọ̀ ṣe é ni ọmọdé, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ilé ẹjọ́ ti kéde pé gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn tí kò tíì bọ́, àti ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ẹ̀sùn jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún. Ìdílé kan kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin gbà àti ohun tó bójú mu kì í sábà sùn nínú yàrá kan náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ yín fẹ́ forúkọ sílẹ̀, mo mọ̀ bó ṣe rí: kò sẹ́ni tó fẹ́ sáré kiri, màmá ní kí ọkọ àti àbúrò àwọn wá buwọ́ lù ú kí nǹkan lè yá. Àánú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lónìí ó ti di ìdè.

Ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ ló lè pinnu láti fi trustee tuntun kún wọn tàbí láti rọ́pò àwọn kan, kí ẹ tó gbé ìpinnu náà lọ sí CAC fún ìfọwọ́sí. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí màmá dúró gẹ́gẹ́ bí trustee. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé inú yín ò ní dùn sí i. Àmọ́ àwọn ló dá a sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ipò àgbà: kí wọ́n máa ṣọ́ ohun ìní, kí wọ́n má sì máa ná owó. Kí ọkọ àti àbúrò yẹ̀ ẹ́ fún ẹni méjì tí kò ní ilé-ìwé láàárín yín, bóyá olórí ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìntì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣì dùn létí ìlú. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó bá ti jẹ́ trustee kò ní jẹ́ alága, akọ̀wé tàbí akápò lẹ́ẹ̀kan náà. Gbólóhùn kan yẹn ni ẹgbẹ́ yín kò ní láti ọdún mẹ́sàn-án.

Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́? Òfin 2020 fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀: ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè bẹ ilé ẹjọ́ pé kó dá àwọn trustee dúró nítorí ìwà àìtọ́ tàbí ìṣàkóso tí kò dára, kí wọ́n yan ẹlòmíràn sípò fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ ogójì, ẹni mẹ́jọ ti pé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kó ẹ̀rí lọ, ìbínú kò tó. Owó tẹ́ ẹ máa ná síbẹ̀ á sì ju owó aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde tẹ́ ẹ ń jà lé lórí lọ. Lọ́yà ni mí, ẹjọ́ ni oúnjẹ mi, mo ṣì ń sọ fún yín pé ẹ má tètè débẹ̀.

Ní ti bánkì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ fi ìpinnu ìpàdé, àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n buwọ́ lù àti ìwé CAC yí àwọn tó ń buwọ́ lu sọwédowó padà sí mẹ́ta, kí méjì nínú wọn máa pé kí owó tó jáde, kí akápò jẹ́ ọ̀kan, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má sì bá ara wọn tan. Bánkì á bèèrè ìwé SCUML pẹ̀lú, ẹ̀ka tó wà lábẹ́ EFCC tó ń mójú tó irú ẹgbẹ́ yín nítorí ọ̀rọ̀ owó àìmọ́. Bí ẹ kò bá ní i, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí, torí ó lè pẹ́ kó tó jáde.

Ìwé ìdánwò àti aṣọ àwọn ọmọ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ farabalẹ̀ wò. Òfin ní owó ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ di èrè tí wọ́n ń pín fún ọmọ ẹgbẹ́. Kò ní kí wọ́n má san owó tó bójú mu fún iṣẹ́ tí èèyàn ṣe ní tòótọ́. Bóyá iye tí màmá ń tà á fún yín dára ju ti ọjà lọ, mi ò mọ̀. Ẹ̀yin náà ò mọ̀, ìyẹn gan-an sì ni ìṣòro. Ẹni tó ń tà kò gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n ń dá iye lé ọjà. Kí akọ̀wé gba iye owó lọ́wọ́ òǹtajà mẹ́ta, kí ìgbìmọ̀ yan ọ̀kan, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ṣì jẹ́ iye ti màmá ló kéré jù, ẹ rà á lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ẹ̀rù pé ìjọba á wá ti ilé-ìwé yín pa: ẹgbẹ́ kankan kò ní agbára yẹn. Ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ló ń fọwọ́ sí ilé-ìwé aládàáni, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ló sì ń wá wò ó. Wíwà nínú ẹgbẹ́ pàápàá, ìfẹ́ inú ẹni ni. Abala ogójì nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló fún wa lómìnira láti dara pọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní láti bi yín, mà: ṣé ìwé àṣẹ ilé-ìwé tiyín pé? Tí kò bá pé, ahọ́n màmá ní eyín. Ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó dìde nípàdé.

Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ ò bèèrè. Ẹ ní ogójì onílé-ìwé ló wà nínú ẹgbẹ́. Àwọn tíṣà àti olùtọ́jú ọmọ ńkọ́, àwọn tó ń nu imú ọmọ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán? Ẹgbẹ́ tó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé lòun wà fún, tí kò sì sí ẹnì kan tó ń wọ kíláàsì nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, owó ilé-ìwé àti owó orí nìkan ló máa mọ̀ ọ́n sọ. Lọ́dún 1843, ní Àgbádárìgì wa yìí, ni àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì, ọ̀gbẹ́ni de Graft àti ìyàwó rẹ̀, dá ilé-ìwé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀. “Nursery of the Infant Church” ni wọ́n pè é. Ìjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni “nursery” ibẹ̀ ń tọ́ka sí, kì í ṣe jẹ́lé-ó-sinmi bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, ṣùgbọ́n mo máa ń ronú nípa ìyàwó de Graft yẹn. Òun náà wà nínú kíláàsì, ọ̀pọ̀ ìwé kò sì kọ orúkọ tirẹ̀ gan-an. Ẹ fún àwọn tíṣà ní àga méjì nínú ìgbìmọ̀, pẹ̀lú ìbò.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá dé ọ̀rọ̀ ìdìbò, kí sáà kan jẹ́ ọdún mẹ́ta, kí ẹnì kan má sì lò ju sáà méjì lọ. Kí sáà akápò má parí lọ́dún kan náà pẹ̀lú ti alága, kí ẹnì kan lè máa rántí ibi tí ìwé wà. Kí ẹni tó ń dupò má darí ìdìbò. Àwọn kan á ní kí ipò alága máa yí ká láàárín Àgbádárìgì, Ọlọ́rundá àti Badagry West. Èmi ò fẹ́ràn ìyẹn; ibi tí ìpàdé ti ń wáyé ni kẹ́ ẹ máa yí ká, torí ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá kò yẹ kó máa ná owó ju gbogbo yín lọ lóṣooṣù.

Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ wá ńkọ́? Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ yíyọ wọlé rárá. Ẹ béèrè ìṣírò owó ọdún méjì, ẹ yan ẹni mẹ́ta tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ dá ọjọ́ ìpàdé gbogbogbòò pẹ̀lú iye ọjọ́ ìkéde tí ìwé òfin yín sọ. Bí akọ̀wé kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn kọ ọ́, kí àwọn tó wà níjòókòó buwọ́ lù ú. Ìpinnu orí WhatsApp kò tó lójú bánkì.

Kí ìpàdé yẹn tó dé, ẹ lọ kí màmá nílé, ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta, kí àgbà kan tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún wà pẹ̀lú yín. Ẹ dúpẹ́ ìrìn Aláúsá lọ́wọ́ wọn ná, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ipò trustee ṣì jẹ́ tiwọn. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ tiyín wò, bóyá ẹ jẹ gbèsè oṣù kankan. Ẹ san án lórí bánkì, ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé òfin ẹgbẹ́ kì í jẹ́ kí onígbèsè dìbò, ibẹ̀ sì ni wọ́n á ti kọ́kọ́ gbá yín mú.