Ojú ni kó o tọ́jú, kì í ṣe ẹsẹ̀

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní Sátidé tó ń bọ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lórí iṣẹ́ ọnà ń bẹ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún ẹ̀gbọ́n màmá rẹ ń bẹ lọ́sàn-án, tó bá sì di alẹ́, ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ gbá géèmù àtijọ́ mọ́jú. O ń béèrè bóyá ara lè gbà á. Ara á gbà á. Èmi náà ti ṣe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí n'Ìbàdàn, àmọ́ ohun tó bà jẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà ṣì ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún ọ.

Ẹsẹ̀ ni mo bẹ̀rù, mo wá lọ wọ bàtà tó rọ̀. Ojú ló dá mi dúró. Gbọ̀ngàn tí wọ́n pa iná ẹ̀, tí àwòrán ń tàn lára ògiri fún wákàtí mẹ́rin, oorun ló ń pè. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kejì ṣì bá mi lójúfò: àwọn ère orí Ifẹ̀ tí wọ́n fi idẹ dà ni, èyí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938 níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Olùkọ́ náà ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dà wọ́n. Wọ́n á fi ìda mọ ojú èèyàn, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á fi iná yọ́ ìda náà jáde, wọ́n á wá da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Kí orí tó jáde, wọ́n ní láti fọ́ amọ̀ náà, kò sì tún ṣeé lò mọ́. Ìyẹn ni pé kò sí orí méjì tó ti inú amọ̀ kan náà jáde. Ara mi bù mááṣọ nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Ìkẹta, mi ò rántí gbólóhùn kan níbẹ̀ dòní. Ìkẹrin gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ sanwó ọkọ̀: Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà, àti ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Mo tòògbé. Àtẹ́wọ́ ló jí mi. Obìnrin tó jókòó tì mí ló sọ díẹ̀ fún mi bí a ṣe ń jáde. Ó ní ọba wà lórí ìtẹ́ lára ilẹ̀kùn náà, òyìnbó tí àwọn aláàárù ru wá sì wà níbẹ̀, àti pé àwọn èèyàn tó gbẹ́ yọ jáde lára pákó débi pé orí àwọn míì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley, nílùú London, lọ́dún 1924. British Museum, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí níbẹ̀, ní àwọn fẹ́ ẹ, Ògògà sì gba àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú Ọba dípò ẹ̀. Ẹnu ẹlòmíì ni mo ti gbọ́ gbogbo èyí, ní ẹnu ọ̀nà. Ọgọ́ta fọ́tò ni mo yà lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mi ò tíì ṣí ọ̀kan wò.

Nítorí náà, fo ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ síta, dúró lábẹ́ igi, wo ọ̀ọ́kán, jẹ mọ́ínmọ́ín, kó o tó padà wọlé.

Ebi ni mo gbé wọ ibi ayẹyẹ ní tèmi. Àmàlà tí mo jẹ láago mẹ́rin ló parí ojú mi. Bó o bá ti dé, kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n màmá rẹ, má ṣe jẹ́ kó di ìgbà tó o bá fẹ́ lọ. Bá a jó nígbà tí wọ́n bá pe ẹbí. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Bí ohun kan bá máa kúrò nínú ọjọ́ náà, má jẹ́ kó jẹ́ tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ géèmù wá kù. Nintendo, ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ tí ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ni a kọ́kọ́ gbé jáde. Èmi ni mo ki adapter ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gbé iná fún un, bọ iná. 120V ló wà lára ẹ̀ gbàgàdà, iná tiwa sì tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Ojú tó ti wúwo kò kà á. Òórùn ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà èéfín. Ọ̀rẹ́ mi kò bú mi, àmọ́ kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá step-down, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, bí ti yín bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ẹ má fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sínú kásẹ́ẹ̀tì géèmù bí a ti ń ṣe ní kékeré, ooru ẹnu ló ń dípẹtà sára eyín bàbà inú ẹ̀. Òwú tí ẹ rẹ sínú spírítì ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí ẹ bá sì fẹ́ yìnbọn pẹ́pẹ́yẹ nínú géèmù Duck Hunt, tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn gbọ̀ngbọ̀n ni kí ẹ wá. Ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀ ni ìbọn náà ń kà, ti pẹlẹbẹ ò ní dá a lóhùn.

Ẹ̀rọ kejì la fi gbá Contra, géèmù ìbọn yíyìn, nígbà tó yá. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti fọwọ́ kan án gbẹ̀yìn. Kí n tó ronú, àtàǹpàkò mi ti tẹ̀ ẹ́: òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A. Títẹ̀ yẹn ló ń fún èèyàn ní ẹ̀mí ọgbọ̀n dípò mẹ́ta nínú géèmù náà. Ọwọ́ rántí ohun tí ojú ti gbàgbé. Láti ọjọ́ náà, mi ò ya fọ́tò níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Yíyà ni mo ń fi ọwọ́ mi yà á, bó ti wù kó wọ́. Imú orí Ifẹ̀ kan tí mo yà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo lè tún un yà fún ọ lónìí láìwo ibì kankan.

Ra pẹ́ńsùlù àti ìwé kékeré lọ́la. Kó o sì yí ẹ̀yìn adapter géèmù yín wò lálẹ́ òní, kí Sátidé tó dé.