Ohùn ẹlẹ́rìí sọnù ní kóòtù, ṣé ẹjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n dá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́bi, a sì fẹ́ pe àpíìlì, àfi bí akọ̀wé kóòtù ṣe ní ohùn ẹlẹ́rìí kejì tí wọ́n gbà sílẹ̀ ti sọnù. Ẹlẹ́rìí yẹn gan-an ni lọ́yà wa da ìbéèrè bò títí ọ̀rọ̀ ẹ̀ fi ń ta kora. Ṣé wọ́n á tú ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mi ò ní tàn yín, rẹ́kọ́ọ̀dù tó sọnù nìkan kì í sábà tú èèyàn sílẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n lè tún un tò: nóòtì tí adájọ́ fọwọ́ kọ, nóòtì àwọn lọ́yà, ìwé ìdájọ́ fúnra ẹ̀, àti ohun tí ẹlẹ́rìí kọ fún ọlọ́pàá. Ẹ ṣọ́ra fún ti ọlọ́pàá yẹn o, torí ohun tó sọ ní àgọ́ wọn nìyẹn, kì í ṣe ohun tó sọ ní kóòtù, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì sì lè jẹ́ ibi tí àpíìlì yín máa dúró lé.

Ibi tó ń ṣòro jù ni ìdáhùn tó fún lọ́yà yín, torí adájọ́ tó ń fọwọ́ kọ̀wé ò lè bá ẹnu sáré, ó lè kọ ìdáhùn kó fo ìbéèrè. Torí náà kí lọ́yà yín wá nóòtì ẹ̀ jáde lónìí, kódà kó jẹ́ ẹ̀yìn fáìlì ló kọ ọ́ sí, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ náà kọ ohun tẹ́ ẹ rántí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má jọ kọ ọ́ o, wọ́n á ní ẹ gbìmọ̀ ni.

Ẹnì kan ò sì gbọ́dọ̀ dá a tò. Ní 2016, Constitutional Court, ìyẹn kóòtù tó ga jù ní South Africa, gbé ẹjọ́ kan yẹ̀ wò tí adájọ́ ti fi nóòtì tiẹ̀ nìkan tún rẹ́kọ́ọ̀dù kọ, wọ́n ní ìhà méjèèjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, àmọ́ wọn ò torí ìyẹn tú àwọn tó pe àpíìlì sílẹ̀. Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó pe àpíìlì lè kọ ohun tó rántí, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣẹjọ́ ní ọjọ́ 14 láti tako ó, kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ ni yóò parí ẹ̀.

Tí ohun tẹ́ ẹ rí kó jọ ò bá tó láti fi mọ̀ bóyá ìdájọ́ náà tọ́, ìgbà yẹn ni wọ́n lè fagi lé e, tàbí kí wọ́n ní kí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́. Kí akọ̀wé kóòtù kọ́kọ́ fi ìwé ìbúra sọ bí wọ́n ṣe wá ohùn yẹn tí wọn ò rí i, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò tó.