Kọ̀ǹpútà géèmù olówó pọ́ọ́kú ní Ìkòròdú: orí iná ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò

Àbúrò mi, o ní o ti tọ́jú owó díẹ̀ pamọ́, o sì fẹ́ to kọ̀ǹpútà kan pọ̀ tí yóò lè gbé EA Sports FC, GTA V àti Warzone nínú yàrá rẹ ní Agric. O tún ní ọ̀rẹ́ rẹ kan gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà lé graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde sójú monitor) lórí, kí o wá fi ṣẹ́ńjì tó bá kù ra ìyókù. Ìmọ̀ràn yẹn lè bá ẹni tó ń gbé níbi tí iná kì í ti í ṣe ségesège mu. Èmi ti ń to kọ̀ǹpútà fún ara mi àti fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ìkòròdú níbí láti ìgbà tí processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen àkọ́kọ́ ti jáde ní ọdún 2017, ohun tí ojú mi sì ti rí ni pé iná tó ń wọ inú ilé ló ń pinnu irú kọ̀ǹpútà tí yóò pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Nítorí náà, power pack (àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà) ni kí o kọ́kọ́ yanjú, lẹ́yìn náà graphics card tí kì í jẹ iná púpọ̀, kí ọ̀rọ̀ tó kan processor àti àwọn yòókù.

Yá multimeter lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná kan, kí o sì wọn iná yàrá rẹ ní òwúrọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ àti ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá ti tan ẹ̀rọ amúlétutù wọn tí wọ́n sì ń fa omi. 230V ló yẹ kí o bá níbẹ̀. Ní àwọn òpópónà kan láàárín Agric àti Èbúté, mo ti rí i tí ó wálẹ̀ dé nǹkan bí 160V ní alẹ́, tí ó sì fò kọjá 250V ní kété tí iná dé padà. Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ amúnáwá Egbin, tí agbára rẹ̀ tó 1,320 megawatt, wà ní ìtòsí wa níbí, ṣùgbọ́n orí okùn iná gbogbo orílẹ̀-èdè ni iná tó ń ti ibẹ̀ jáde ń gbà kí ó tó pín kiri, jíjẹ́ aládùúgbò rẹ̀ kò sì ní kí ẹrù transformer òpópónà yín fúyẹ́.

Ìdí tí mo fi ní kí o wọn iná ni pé oríṣi power pack méjì ni wọn yóò gbé síwájú rẹ lọ́jà. Ọ̀kan ní bọ́tìnì pupa kékeré lẹ́yìn, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Èyí kì í fẹ́ kí iná jìnnà sí 230V rárá, bí iná bá sì ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yóò kú lójijì láàárín eré. Èkejì ni èyí tó ní active PFC (ẹ̀yà inú rẹ̀ tó ń ṣètò bí ó ṣe ń fa iná), tí wọ́n sábà máa ń kọ 100–240V sí lára, tí kò sì nílò bọ́tìnì kankan. Irú èyí máa ń fara da iná tó lọ sílẹ̀, òun ni mo sì ń rà fún ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀ mí níṣẹ́ ní agbègbè yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ga ju ti èkíní lọ. Ohun kan wà tí o gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn nípa rẹ̀: kò fẹ́ràn inverter olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní modified sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ kì í yọ̀ geere bí ti pure sine wave. Ó lè máa kùn, ó lè gbóná, ó sì lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ rárá. Bí inverter bá wà nílé yín, wo ara rẹ̀ dáadáa bóyá wọ́n kọ pure sine wave sí i.

Má ṣe gba nọ́ńbà gàdàgbà tí wọ́n kọ sí ara páálí gbọ́. Yí power pack náà padà, kí o ka ìlà 12V lára àkọlé rẹ̀, nítorí orí ìlà yẹn ni processor àti graphics card ti ń jẹun. Bí wọ́n bá kọ 18A síbẹ̀, 12 lọ́nà 18 jẹ́ 216 wáàtì péré, kódà bí páálí bá ń pariwo 500W. Bí ó bá jẹ́ 38A, ó jẹ́ 456 wáàtì, ìyẹn sì ni a lè gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Àmì 80 PLUS dára, ṣùgbọ́n pé ẹ̀rọ náà kì í fi iná ṣòfò nìkan ló ń sọ; kò sọ fún ọ bóyá yóò dáàbò bo àwọn yòókù bí iná bá fò. Ọmọkùnrin kan ní ẹ̀yìn Sábó ra irú power pack tó fúyẹ́ bí páálí òfìfo. Lọ́jọ́ tí iná dé pẹ̀lú agbára, power pack náà jóná, ó sì mú motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń jókòó lé) àti graphics card lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Èmi ni mo tú kọ̀ǹpútà náà, òórùn rẹ̀ kò sì tètè kúrò nínú yàrá. Ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín èyí tó rà àti ojúlówó kò tó ìdá mẹ́wàá owó tó pàdánù.

Ní báyìí, graphics card. Nínú gbogbo èyí tó ń lọ lọ́jà tòkunbọ̀, RX 6600 tó jáde ní ọdún 2021 ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó wà ní ipò rẹ. 8GB ni memory rẹ̀, 132 wáàtì ló ń jẹ, ó sì tó fún àwọn géèmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o dárúkọ lórí 1080p (ìwọ̀n àwòrán tó wọ́pọ̀ lórí monitor). RX 580 tí gbogbo ènìyàn ń rà nítorí pé ó rọjú, 185 wáàtì ló ń jẹ, kò sì yára tó èkíní. Ẹni tó bá ní iná gidi lè má ka ìyàtọ̀ wáàtì 53 sí, ṣùgbọ́n bí o bá máa lo bátìrì inverter, o gbọ́dọ̀ kà á sí. Bátìrì inverter 12V, 200Ah kan ní agbára tó tó 2,400 wáàtì-wákàtí lórí ìwé. Bí ó bá jẹ́ bátìrì lead-acid, ìdajì rẹ̀ ló yẹ kí o lò bí o kò bá fẹ́ kí ó tètè bàjẹ́. Bí kọ̀ǹpútà àti monitor bá ń jẹ 250 wáàtì pọ̀, kò ní tó wákàtí márùn-ún tí bátìrì náà yóò fi gbé e, nítorí inverter fúnra rẹ̀ náà ń jẹ díẹ̀. Bí o bá gbé e dé 300, kò ní pé mẹ́rin. Bí RX 6600 bá wọ́n jù fún ọ, GTX 1660 Super, tó ń jẹ 125 wáàtì, ló kàn, ṣùgbọ́n 6GB ni tirẹ̀, àwọn géèmù tuntun yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́rùn.

Ẹ̀tàn méjì ni mo máa ń bá pàdé jùlọ nínú ọjà yìí. Èkíní ni RX 580 tí wọ́n ń pè ní 2048SP: orúkọ kan náà ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ìṣirò kéékèèké 2048 péré ló ní, ojúlówó sì ní 2304, nítorí náà agbára rẹ̀ kò pé. Èkejì ni káàdì àtijọ́ tí wọ́n ti yí BIOS rẹ̀ (ètò inú káàdì tó ń sọ orúkọ rẹ̀) padà kí ó lè máa pe ara rẹ̀ ní GTX 1050 Ti. GPU-Z, ètò kékeré kan tó ń fi ohun tó wà nínú káàdì hàn, tí a lè fi sórí flash láìsan kọ́bọ̀, máa ń tú àṣírí méjèèjì. Ní ti àwọn káàdì tí wọ́n fi wa Ethereum (owó orí íntánẹ́ẹ̀tì), wọ́n ya wọ ọjà lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 nígbà tí Ethereum kò nílò wọn mọ́. Èmi kì í kọ̀ wọ́n. Fáànù wọn ló sábà máa ń rẹ̀ kí chip tó rẹ̀, fáànù sì ṣeé pààrọ̀.

Bí o bá ń lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, wọ BRT láti Ìkòròdú ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀, kí o lè dé kí òpópónà Ọtígbà tó kún, kí ẹni tí o fẹ́ rajà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ní àkókò láti bá ọ dán an wò. Kí i dáadáa, sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé o fẹ́ fi FurMark (ètò tó ń gbé iṣẹ́ líle fún graphics card) tàbí géèmù kan dán káàdì náà wò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán. Ẹni tí ọjà rẹ̀ dára kì í bínú sí èyí. Àwọn tí mo ń rajà lọ́wọ́ wọn báyìí ló tilẹ̀ máa ń fún mi ní àga. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́, máa wo ojú monitor bóyá àwọn àmì aláwọ̀ mèremère ń fò lórí rẹ̀, kí o sì máa wo ìwọ̀n ooru. Bí ó bá kọjá 85°C nínú ilé tí fáànù ń fẹ́, yóò le jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú yàrá rẹ. Kí wọ́n kọ serial number káàdì náà sórí rìsíìtì pẹ̀lú iye ọjọ́ tí o lè fi dá a padà, nítorí láìsí serial number kò sí bí o ṣe fẹ́ fi hàn pé káàdì yẹn gan-an ni o rà.

Processor kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ryzen 5 5600 tàbí Core i5-12400F, èyíkéyìí tó bá rọjú pẹ̀lú motherboard rẹ̀, ti tó. Mọ̀ pé lẹ́tà F yẹn túmọ̀ sí pé kò lè fi àwòrán hàn láìsí graphics card. Ryzen 5 5600 náà kò lè ṣe é. RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), kí ó jẹ́ 8GB méjì, kì í ṣe 16GB kan ṣoṣo, nítorí méjì máa ń jẹ́ kí géèmù yára sí i. Owó RAM ti gbówó lórí gan-an láti ìparí ọdún 2025 nítorí bí àwọn ilé iṣẹ́ AI ti ń rà á, nítorí náà RAM irú DDR4 tòkunbọ̀ kò ní àbùkù kankan bí MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ra SSD (ibi ìpamọ́ tó yára ju hard disk lọ) fún Windows àti géèmù, kí o sì fi hard disk àtijọ́ tọ́jú ẹ̀dà àwọn géèmù tí o ti gbà sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí Warzone nìkan lè jẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ data. Ní ti àpótí, kí iwájú rẹ̀ jẹ́ oníhò pẹ̀lú asẹ́ tó ṣeé yọ fọ̀. Eruku ọ̀nà wa tí wọn kò tíì dà ọ̀dà sí kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Àwọn kan yóò sọ fún ọ pé kí o ra Dell OptiPlex tòkunbọ̀, kí o fi káàdì kékeré sí i. Ọ̀nà yẹn lè dára, ṣùgbọ́n wo ọjọ́ orí rẹ̀. OptiPlex 9020 ní Core i5 ìran kẹrin, Windows 11 kò sì gbà á ní ìlànà, bẹ́ẹ̀ àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Okùn power pack rẹ̀ kì í ṣe onípíìnì 24 tó wọ́pọ̀, nítorí náà o kò lè kàn fi tuntun rọ́pò rẹ̀ láìsí àfikún okùn. Graphics card tó bá máa wọ inú irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò nílò ju 75 wáàtì tí ihò motherboard ń fún un lọ, bí àwọn GTX 1650 kan tí kò ní ojú okùn iná lórí. Bí o bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, má ṣe ra èyí tí processor rẹ̀ kò tó ìran kẹjọ.

Bí owó kò bá ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èyí ni mo máa ṣe bí ó bá jẹ́ owó mi. N ó ra power pack tó dájú, motherboard, RAM, SSD àti Ryzen 5 5600G, tí ó lè fi àwòrán hàn fúnra rẹ̀. GTA V àti FC yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bí o bá rẹ ojú àwòrán wọn sílẹ̀. Warzone ni kí o ní sùúrù fún. 5600G kì í yára tó 5600 nígbà tí o bá wá fi graphics card sí i, ṣùgbọ́n o ti ní kọ̀ǹpútà tí o lè fi ṣe iṣẹ́ ilé ìwé láàárín àkókò tí o fi ń tọ́jú owó RX 6600. Fi UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà bí iná bá lọ) tàbí stabilizer ṣáájú rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, má sì ṣe so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré ní tààràtà. Bí o bá ti wọn iná yín tán, sọ ohun tí multimeter kà ní alẹ́ àti irú inverter tó wà nílé fún mi, kí n lè sọ iye wáàtì power pack tí o nílò gan-an kí o tó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà.